Patrick Troughton: Òṣèré tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Sọnù ní Lọ́ńdọ̀nù, tí Wọ́n sì Rí i He ní Jos

 

Nígbàkúùgbà tí a bá fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé òkú olókìkí sínú ìwé yìí, àwọn bí Fágúnwà, Ògúǹdé àti Dúró Ládiípọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, òyìnbó kan ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á délẹ̀. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ilé ni ọ̀rọ̀ náà já sí.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí ni páálí kan tó wà nínú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wa níhìn-ín ní Àbújá. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò àtijọ́ ló kún inú rẹ̀: eré tí àwọn tó ṣáájú wa ṣe nígbà Ọ̀sẹ̀ Yorùbá, ewì wọn, ijó wọn. Nígbà tí a ń tún ọ́fíìsì náà ṣe, àwọn kan ní kí a kó páálí náà dà nù, nítorí kò sí ẹ̀rọ tí a lè fi wò ó mọ́. Àwọn kan ní rárá. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, a kò sì tíì parí rẹ̀ títí di òní. Ibi tí a ti ń jiyàn ọ̀hún ni ọ̀kan nínú wa ti dárúkọ Patrick Troughton.

Ta ni Patrick Troughton? Òun ni òṣèré tó ṣe Dókítà kejì nínú Doctor Who, eré àròsọ onísáyẹ́ǹsì tí BBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní ọjọ́ 23, oṣù kọkànlá, ọdún 1963. Dókítà yìí kì í ṣe ti ilé ìwòsàn. Ará ayé mìíràn ni, ó sì ń fi ọkọ̀ kan rin ìrìn àjò láti ìgbà dé ìgbà àti láti ayé dé ayé. Lóde, ọkọ̀ náà rí bí àpótí aláwọ̀ búlúù tí àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń lò lẹ́bàá títì láyé ìgbà náà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ fẹ̀ ju ìta rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti tẹ̀ lé Àkàrà-ògùn wọ Igbó Irúnmalẹ̀ rí kò ní pariwo pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ìgbà èwe rẹ̀ àti ogun

Ọjọ́ 25, oṣù kẹta, ọdún 1920 ni wọ́n bí Troughton ní Mill Hill, ní ìhà àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́yà ni bàbá rẹ̀. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Mill Hill School, lẹ́yìn náà ló kọ́ṣẹ́ eré ṣíṣe. Ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà láti lọ kọ́ sí i ní Long Island, ní New York, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1939. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m kan láti padà sílé. Nígbà tí ọkọ̀ náà kù díẹ̀ kó gúnlẹ̀, ó kọlu bọ́ǹbù tí wọ́n dẹ sínú òkun, ó sì rì. Ọkọ̀ ìgbàlà kékeré ni ọmọkùnrin náà bá yọ. Kò tíì pé ọmọ 20 ọdún.

Ní ọdún 1940 ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi. Wọ́n fi í ṣe olórí nínú àwọn ọkọ̀ ogun kéékèèké tó máa ń sáré lórí Òkun Àríwá, níbi tí wọ́n ti ń kojú ọkọ̀ àwọn ará Jámánì. Òtútù ibẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Wọ́n ní aṣọ onírun tí àwọn òyìnbó fi ń bo ìkòkò tíì kó má baà tètè tutù ni Troughton máa ń dé bíi fìlà lójú ogun. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nígbà náà kì bá má ṣe yà á lẹ́nu pé aláwàdà ni yóò dà lẹ́yìnwá ọ̀la.

Nígbà tí ogun parí, ó padà sídìí eré. Ó kópa nínú fíìmù Hamlet tí Laurence Olivier ṣe ní 1948. Ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ni ọkàn rẹ̀ wà. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òṣèré ló fojú tín-ín-rín iṣẹ́ yìí. Lójú wọn, orí ìtàgé ni ojúlówó eré wà. Troughton kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ariwo pípa lálaalẹ́ ni iṣẹ́ orí ìtàgé, ó sì fẹ́ràn kí kámẹ́rà sún mọ́ òun kí ojú òun lè sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1953, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe Robin Hood lórí amóhùnmáwòrán, ìyẹn ọlọ́ṣà inú igbó tí ìtàn sọ pé ó máa ń gba ti olówó fún aláìní. Òun náà ló ṣe afọ́jú aríran nínú fíìmù Jason and the Argonauts ní 1963.

Bàbátúndé lórí amóhùnmáwòrán

William Hartnell, tí wọ́n bí ní 1908, ni Dókítà àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 1966, ara rẹ̀ kò yá mọ́. Eré náà sì ti gbajúmọ̀ débi pé BBC kò fẹ́ kó parí. Kí ni kí wọ́n ṣe? Wọ́n dá ọgbọ́n kan. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí Dókítà kì í ti í ṣe ọmọ ayé wa, bí ara rẹ̀ bá gbó, ó lè bọ́ ọ sílẹ̀ kí ó gbé ara mìíràn wọ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹwàá, ọdún 1966, àwọn òǹwòran rí bàbá arúgbó náà tó ṣubú lulẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì yí padà. Ní ọjọ́ 5, oṣù kọkànlá, Troughton bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí lójú àwọn òyìnbó nígbà náà. Àwa ọmọ tó ní Bàbátúndé àti Yétúndé nílé mọ ohun tó jọ ọ́: ẹni tó lọ lè tún padà wá, kí ojú rẹ̀ yàtọ̀, kí ìwà rẹ̀ sì yàtọ̀ díẹ̀, síbẹ̀ kí àwọn ará ilé mọ̀ pé òun náà ni. Ọgbọ́n yìí ló jẹ́ kí eré náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí Troughton bá kùnà, ibẹ̀ ni ìbá parí sí. Kò kùnà.

Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kó ṣe nǹkan mìíràn. Ẹ̀rù ń bà á pé bí eré náà bá kógbá sílé, kò ní rí iṣẹ́ mìíràn ṣe mọ́, nítorí àwọn ènìyàn á ti mọ ojú rẹ̀ mọ Dókítà. Nítorí náà ó gbèrò láti kun ojú rẹ̀ dúdú, kó wé láwàní, kó sì lẹ irùngbọ̀n mọ́ àgbọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Sydney Newman, ọ̀kan nínú àwọn tó dá eré náà sílẹ̀, ló mú àbá tó dára jù wá: kó ṣe bí alárìnkiri tó wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀, bíi ti Charlie Chaplin. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ àti kóòtù tó ti gbó fún un, wọ́n sì fi fèrè kékeré lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin náà á máa ṣe bí ọ̀dẹ̀, àwọn ọ̀tá á sì máa fojú kéré rẹ̀, títí ọgbọ́n rẹ̀ yóò fi gba gbogbo wọn mú. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ìjàpá mọ bí irú eré bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń dùn tó.

Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe é, títí di oṣù kẹfà, ọdún 1969. Ìpín 119 ni gbogbo rẹ̀, ìpín kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń gbé e jáde. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, tí ẹ̀rù àtijọ́ náà sì tún dé, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ẹ̀rù náà kò ṣẹ. Iṣẹ́ kò wọ́n ọn. Òun ni àlùfáà tí irin bọ́ lé láti orí ṣọ́ọ̀ṣì nínú fíìmù The Omen ní 1976. Ó sì padà wá ṣe Dókítà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ní 1985.

Kì í ṣe áńgẹ́lì o. Kì í fẹ́ bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, ó sì ní ìdí. Ó ti kúrò lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ àti àwọn ọmọ, ó lọ dá ilé mìíràn sílẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ìyá tó bí i. Michael ọmọ rẹ̀, tí òun náà jẹ́ òṣèré, kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 2011, kò sì bo èyí mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ eré kò tán nínú ìdílé náà: Harry Melling, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Dudley nínú fíìmù Harry Potter, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni.

Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu láti 1979, síbẹ̀ kò sinmi. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹta, ọdún 1987, níbi àpéjọ àwọn olólùfẹ́ eré onísáyẹ́ǹsì ní Columbus, ní ìpínlẹ̀ Georgia nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ kẹta tó pé ẹni ọdún 67 ni.

Bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe sọnù

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Kí Troughton tó kú ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń kú. Owó gọbọi ni wọ́n ń ra téèpù fídíò láyé ìgbà náà, nítorí náà BBC máa ń pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n lè fi ká nǹkan mìíràn. Nígbà tí amóhùnmáwòrán aláwọ̀ mèremère sì dé, ta ló tún fẹ́ wo eré dúdú àti funfun? Fídíò tí ènìyàn lè rà lọ sílé kò tíì wọ́pọ̀. Lójú àwọn tó ni í, ẹrù tó ń gba àyè lásán ni. Ọdún 1978 kí wọ́n tó dáwọ́ ìbàjẹ́ náà dúró.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó pa á rẹ́, BBC ti da eré náà kọ sórí fíìmù, wọ́n sì ti ta ẹ̀dà rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Nàìjíríà wà lára wọn. Láàrin 1984 sí 1985, ẹ̀dà àwọn ìpín kan tí Hartnell ṣe ti orílẹ̀-èdè wa padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìparí 1991, wọ́n rí The Tomb of the Cybermen, iṣẹ́ Troughton, ní Hong Kong.

Èyí tó wá ya gbogbo ayé lẹ́nu ni ti Jos. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Philip Morris, tó fi wíwá fíìmù tó sọnù ṣe iṣẹ́, dé ibùdó kan tí wọ́n ti ń tan eré amóhùnmáwòrán ká ní ìlú náà. Lórí pẹpẹ tí eruku ti bò, ó rí agolo fíìmù tí ẹnìkan ti lẹ bébà pélébé mọ́, tó sì kọ orúkọ eré sí i. Ní oṣù kẹwàá, ọdún 2013, BBC kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé: ìpín mẹ́sàn-án tó ti sọnù ló padà bọ̀ sípò, márùn-ún láti inú The Enemy of the World, mẹ́rin láti inú The Web of Fear. Frazer Hines àti Deborah Watling, tí wọ́n bá a ṣeré náà, wà níbi ìkéde náà. Troughton fúnra rẹ̀ ti kú láti ọdún 26 sẹ́yìn. Lẹ́yìn àwárí yìí náà, ìpín 97 nínú eré Doctor Who ló ṣì sọnù nígbà náà, 53 nínú wọn sì jẹ́ ti Troughton.

A kò mọ orúkọ ẹni tó lẹ bébà yẹn mọ́ agolo. Bóyá òṣìṣẹ́ kan tó kàn ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni. Kò mọ̀ pé òun ń tọ́jú ìṣúra. Ó kàn kọ orúkọ nǹkan sí i lára, kò sì jù ú nù.

Ohun tí a rí nígbà tí a wò ó

Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, a kóra jọ sí yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, a sì wo The Enemy of the World láti ìpín kìíní dé ìpín kẹfà lójú kọ̀ǹpútà. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, a sì dúró dè é.

Láàrin oṣù kejìlá 1967 sí oṣù kìíní 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, ṣùgbọ́n ọdún 2018 ni ìtàn náà ṣẹlẹ̀. Ọdún 2018 tí wọ́n ń fojú inú wò yẹn ti di àná lójú tiwa. A rẹ́rìn-ín títí. Nínú eré náà, rọ́kẹ́ẹ̀tì ni àwọn ènìyàn ń wọ̀ láti Ọsirélíà lọ sí Họ́ńgárì. Ní 2018 tiwa, ọkọ̀ ojú irin ìgboro Àbújá tí wọ́n ṣí ní oṣù keje ni ìyanu ọdún náà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Troughton ló ṣe Dókítà, òun náà ló tún ṣe Salamander, ọ̀tá tí ojú wọn jọra bí ìbejì. Salamander ti ṣe ẹ̀rọ tó ń gba agbára oòrùn jọ, ó fi ń mú irè oko pọ̀, gbogbo ayé sì ń kí i ní olùgbàlà. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló fẹ́ gbà padà. Lábẹ́ ilẹ̀, ó kó àwọn ènìyàn kan pamọ́, ó sọ fún wọn pé ogun ti ba òkè jẹ́, pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti di májèlé. Àwọn wọ̀nyí gbà á gbọ́, wọ́n sì ń bá a dá ìmìtìtì ilẹ̀ sílẹ̀, wọ́n rò pé ẹni ibi ni àwọn ń bá jà. Àwa tí a ti rí olóṣèlú tó ń pín ìrẹsì nígbà ìdìbò, tí a sì ti rí irọ́ tó ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn, a mọ Salamander. Lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà kọjá, ní Lugbe, ni àjọ NASRDA wà, tó fi sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 ránṣẹ́ sójú òfuurufú láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2003. Yíya àwòrán ilẹ̀, pàápàá níbi tí àjálù bá ti ṣẹlẹ̀, wà lára iṣẹ́ tí sátẹ́láìtì náà ṣe. Ẹ̀rọ tí ènìyàn fi ránṣẹ́ sójú òfuurufú ti wà lókè orí wa. Ìbéèrè tó kù ni ti ọwọ́ tí yóò máa darí rẹ̀. Igi gan-an-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: iṣẹ́ tí ojúlówó eré onísáyẹ́ǹsì ń ṣe nìyẹn.

A tún rí ohun tó dùn wá. Ará Mẹ́síkò ni Salamander nínú ìtàn, ṣùgbọ́n òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é, tó yí ohùn padà. Carmen Munroe, òṣèrébìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Guyana, ṣe Fariah, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa tọ́ oúnjẹ Salamander wò bóyá májèlé wà níbẹ̀. Ó ṣe é dáadáa, ó ní iyì, ṣùgbọ́n ó kú kí eré tó parí. Nínú The Tomb of the Cybermen, aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ jẹ́ ìránṣẹ́ alágbára tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wa bínú, ó ní kí wá ni a ń yọ̀ sí nígbà tí wọ́n rí irú eré báyìí he? Òmíràn dáhùn pé bí kì í bá ṣe pé wọ́n rí i, kí ni a ó fi mú wọn? A kò lè bá ohun tí wọ́n ti sun níná jiyàn. Ohun tó dára nínú rẹ̀ àti ohun tí kò dára, ìgbà tó bá wà ni a lè dá a lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ wá lára jù lọ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ di ti ilé

Ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, Dúró Ládiípọ̀ ṣeré níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Moses Ọláìyá tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Ọdún 1968 tí wọ́n gbé The Web of Fear jáde ní Lọ́ńdọ̀nù náà ni The Village Headmaster tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ẹ̀yin ará, mélòó nínú wa ló ti fojú ara rẹ̀ rí eré Bàbá Sàlá ti ìgbà WNTV? Àwọn òbí wa á sọ ọ́ fún wa, wọ́n á rẹ́rìn-ín, àwa á kàn máa wò wọ́n lẹ́nu. Iṣẹ́ àlejò ni pẹpẹ kan ní Jos bá wa tọ́jú. Ta ló ń bá wa tọ́jú tiwa?

Èyí ló mú wa padà sídìí páálí tó wà ní ọ́fíìsì. A mọ̀ pé kò sí nínú àwọn tó ṣeré inú rẹ̀ tó gbajúmọ̀ bíi Troughton. A mọ̀ pé eruku ti wọ kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá dà á nù lónìí, kí aṣọ má baà wá di ohun tí kò bá Ọmọ́yẹ mọ́ lọ́la. Àwọn kan nínú àwọn tó ṣeré náà ti di bàbá àti ìyá, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn kan ti kú.

Ẹ̀bẹ̀ tí a ń bẹ ẹgbẹ́ kò pọ̀. Bí ẹ̀rọ fídíò àtijọ́ bá wà nílé òbí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kó yá wa lò. Kí a da àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà kọ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà mẹ́ta ó kéré tán, kí ọ̀kan má ṣe sí nínú ọgbà yìí rárá. Èyí tó rọrùn jù lọ ni a sì lè bẹ̀rẹ̀ lónìí: kí a lẹ bébà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí a kọ orúkọ eré náà, ọdún tí wọ́n ṣe é, àti orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ tí a kò mọ̀ yẹn ṣe ní Jos náà nìyẹn.

Ìpàdé tó ń bọ̀ ni a ó dìbò lórí ọ̀rọ̀ páálí náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá.